Igi tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé: ṣé ká gé gbogbo ẹ̀ ni?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo là ń gbé, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé wa wà. Nígbà tá a fẹ́ fẹ ẹ̀yìn ilé kó lè gba kíṣìnì àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi katapílà gbẹ́ ara òkè náà, igi máńgòrò ńlá kan wá bọ́ sí etí ibi tí wọ́n gbẹ́, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ wa, gbòǹgbò ẹ̀ ń yọ síta. Mẹ́línà méjì ṣì wà lókè ẹ̀, dóńgóyárò kan sì wà níwájú ilé tó ti wọnú wáyà iná. Bàbá àwọn ọmọ mi ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kójò tó bẹ̀rẹ̀. Onísọ́míìlì kan ní òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́ tá a bá ti lè fún òun ní mẹ́línà yẹn. Ìyá ọkọ mi ní bàbá tó ti dolóògbé ló gbin máńgòrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ wa náà ti ń kùn. Kí la máa ṣe?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìfọ̀kàntán. Iṣẹ́ igi gígùn àti igi gígé nínú ọgbà ilé ni mò ń ṣe, Òṣogbo yìí náà ni mo sì ti ń ṣe é, torí náà mo mọ irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń sọ dáadáa. Ìbéèrè kan lẹ bi mí ṣùgbọ́n méjì ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti igi tó lè wó lé ilé, ìyẹn lẹ̀ ń bẹ̀rù. Èkejì ni ti ilẹ̀ òkè fúnra ẹ̀ tó lè ṣí wálẹ̀ lẹ́yìn tí igi bá ti kúrò lórí ẹ̀, ìyẹn lẹ ò tíì ronú kàn, òun gan-an ló sì kan àwọn ará ìsàlẹ̀ yín tó ń kùn. Ọkọ yín ò jẹ̀bi pé ó ń bẹ̀rù o, àmọ́ òwe tó pa yẹn, wíwò ló ní ká máa wò ó láti òkèèrè, kò ní ká gé e. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé igi tó bá ti tẹ̀ ti fẹ́ wó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tó bá hù sórí òkè máa ń wá ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti kékeré, ibi tí ojú sánmà ti ṣí sílẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ òkè, ibẹ̀ ló máa tẹ̀ sí. Irú igi bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ bá wo ìdí ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó kọ́kọ́ yí díẹ̀ nísàlẹ̀, ó wá na ara ẹ̀ tàbí orí ẹ̀ sókè padà, ó ti fi ọdún tó pọ̀ múra sílẹ̀ fún títẹ̀ yẹn, ó sì ti fi gbòǹgbò ro ara ẹ̀ lágbára níbi tó yẹ. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni igi tó dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tó wá tẹ̀ lódindi báyìí látìdí dórí láì yí níbì kankan. Ìyẹn ti ń ṣí nílẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ gòkè lọ sí ẹ̀yìn igi náà, ìyẹn apá tó kọjú sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá wo ilẹ̀. Tẹ́ẹ bá rí i pó là, tí ojú ibi tó là yẹn sì rọ̀gbà yí ìdí igi ká bí oṣù tuntun, tàbí tẹ́ẹ bá rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ wú díẹ̀ tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ igi, ẹ má ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, igi yẹn ti ń lọ. Ẹ kan igi kékeré méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lápá òkè ibi tó là, ọ̀kan lápá ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi tépù wọn àárín wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Tó bá ń fẹ̀ sí i, kẹ́nikẹ́ni má sùn ní yàrá ẹ̀yìn mọ́ títí wọ́n á fi ṣe nǹkan sí i. Ẹ tún fi ẹ̀yìn àdá gbá ìdí igi yíká, tó bá ń dún bí ìlù níbì kan, ó ti ní ihò nínú, tí olú bá sì ti ń hù lára ìdí ẹ̀ tàbí lórí gbòǹgbò ẹ̀, nǹkan ti ń jẹrà lábẹ́ nìyẹn, bí ewé ẹ̀ tiẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gbòǹgbò, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yín wà. Àwa èèyàn máa ń rò pé gbòǹgbò igi ńlá wọlẹ̀ lọ jìnnà bí kànga. Òótọ́ ni pé máńgòrò tó bá hù láti inú kóro máa ń ní gbòǹgbò kan tó lọ tààrà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi ńlá kì í ju nǹkan bíi mítà kan lọ nínú ilẹ̀, ńṣe ló ń nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì máa ń nà kọjá ibi tí ibòji ewé ẹ̀ dé dáadáa. Lórí òkè, iṣẹ́ tí gbòǹgbò apá òkè ń ṣe yàtọ̀ sí ti apá ìsàlẹ̀. Ti apá òkè ló ń fà á sẹ́yìn, bí okùn tí wọ́n fi so àgbò mọ́ èèkàn. Ti apá ìsàlẹ̀ ló ń gbé e dúró kó má jókòó lulẹ̀. Nígbà tí katapílà gbẹ́ ẹ̀yìn ilé yín, àwọn tó ń gbé e dúró yẹn ló gé, ìyẹn gan-an lẹ̀ ń rí tó ń yọ síta yẹn. Torí náà kì í ṣe pé igi yín dédé ya burúkú. Katapílà lẹjọ́. Ẹ bá mi wò ó bóyá gbòǹgbò tó nípọn tó apá èèyàn wà nínú àwọn tí wọ́n gé, kẹ́ ẹ sì wo bí ojú ibi tí wọ́n gé ṣe jìnnà sí ìdí igi tó. Tó bá ju mítà mẹ́ta lọ, igi ṣì lè rọ́gbọ́n dá. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ẹ bá na ọwọ́ láti etí ilẹ̀ ẹ máa kan ìdí igi, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ohun kan náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè sọ fún ẹni tó nilẹ̀ lókè yín: kó má gbẹ́ sókàwéè tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì sápá òkè igi yín láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun ló máa gé okùn yẹn, àwọn ọmọ yín ló sì wà nísàlẹ̀.

Omi lọ̀rọ̀ tó kàn, omi sì lèmi máa ń kọ́kọ́ wá tí wọ́n bá pè mí síbi igi orí òkè kí n tó wojú igi rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìgbà méjì ni igi máa ń wó nínú ọdún, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wó kì í ṣe ọ̀kan náà. Lásìkò òjò àkọ́rọ̀, ní Máàṣì sí Éépírì, ìjì ló máa ń ṣáájú òjò, ilẹ̀ ṣì le, torí náà ẹ̀ka ló máa ń ya jù tàbí kí igi ṣẹ́ níbi tó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n ní Sẹ̀tẹ́ńbà sí Òkítóbà, nígbà àrọ̀kúrò, ilẹ̀ ti mu omi yó, pupa ẹ̀ ti di ẹrẹ̀, igi tó ní ewé tútù lórí lè dìde ní ìdí tìgbòǹgbò-tìgbòǹgbò láì sí afẹ́fẹ́ gidi kankan, lóru tí gbogbo èèyàn ti sùn. Tí omi páànù ilé tó wà lókè yín bá ń tú sórí ilẹ̀ yẹn, tàbí tí àgbàrá ojú títì ń gbabẹ̀ kọjá, kò sí igi tẹ́ẹ gé tó máa gbà yín. Ẹ ní kí wọ́n la gọ́tà ságbègbè òkè ibi tẹ́ẹ gbẹ́, láì gé gbòǹgbò apá òkè igi yẹn, kó darí àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, kó má sì já lé àwọn ará ìsàlẹ̀ lórí o, torí ibẹ̀ nìjà tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bírikìlà ọjọ́ díẹ̀ ni, owó ẹ̀ ò sì lè tó ti igi.

Kí n yára mẹ́nu ba ti ògiri tó ń là, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti sọ fún yín pé gbòǹgbò ló ń fọ́ ilé. Ilẹ̀ pupa tiwa tó wà lórí àpáta kì í sábà wú kó tún sún kì bí àwọn ilẹ̀ amọ̀ ibòmíì, torí náà ó ṣọ̀wọ́n kí gbòǹgbò máńgòrò gbé ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa. Fẹ́ǹsì tó fẹ́lẹ́ àti sókàwéè tí omi ń jò lára ẹ̀, àwọn yẹn ló máa ń bà jẹ́. Tí ògiri ẹ̀yìn ilé yín bá là, ẹ kọ́kọ́ wo omi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ẹ bá gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ọkọ yín ṣe wí. Lọ́dún tẹ́ẹ gé e, kò ní sí nǹkan kan, gbogbo yín á máa yọ̀ pé ojú ti là. Gbòǹgbò igi tó ti kú ṣì máa wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú á máa dín kù, bí ọdún bíi mẹ́ta, mẹ́rin bá fi máa kọjá ihò lásán ló máa kù níbi tí gbòǹgbò wà, omi òjò á sì máa gba inú ihò yẹn wọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni òkè máa ṣí, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa rántí pé igi kankan wà níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti rìn lọ sétí odò Ọ̀ṣun nínú Igbó Ọ̀ṣun wa yìí, á ti rí bí gbòǹgbò ṣe di etí odò mú níbi tí omi ń gbá a lọ́dọọdún. Kẹ́ ẹ wá lọ wo etí odò náà níbi tí wọ́n ti ro igi dànù. Torí náà mẹ́línà méjì tó wà lókè yẹn, tó bá jẹ́ pé kò sí ihò lára wọn tí ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn ò sì là, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ló ń di òkè yín mú. Tí gíga wọn bá ń bà yín lẹ́rù lóòótọ́, mẹ́línà ní oore kan tó ń ṣe fúnni: tẹ́ẹ bá gé e nísàlẹ̀ á tún rú padà, gbòǹgbò ẹ̀ ò sì ní kú. Ẹ lè gé ọ̀kan lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ dúró kó rú dáadáa, kẹ́ ẹ wá gé èkejì lẹ́yìn ọdún bíi méjì. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da iyọ̀ tàbí kẹrosíìnì sí kùkùté ẹ̀, kẹ́ ẹ má dáná sun ún, kẹ́ ẹ má hú u. Kùkùté lórí òkè, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Onísọ́míìlì tó ní òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́ wá ńkọ́? Kí n má parọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn àdéhùn yẹn rárá. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni, ṣùgbọ́n pákó lojú ẹ̀ wà, kì í ṣe òrùlé yín. Ẹni tó fẹ́ gẹdú tó gùn, ńṣe ló máa fẹ́ bi igi lulẹ̀ lódindi, inú igbó tí kò sílé ló sì ti kọ́ ọ. Gẹdú mẹ́línà tó bá bọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè yí wálẹ̀, okùn kankan ò sì ní dá a dúró mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n so okùn mọ́ orí igi tí wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin kan máa fà á láti ìsàlẹ̀ òkè, ìyẹn ni pé wọ́n dúró gan-an síbi tí igi ń bọ̀. Iṣẹ́ tó dáa, lẹ́bàá ilé, ẹni kan á gun orí igi pẹ̀lú bẹ́líìtì àti okùn tó so mọ́ igi, á máa gé e ní wẹ́wẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fi okùn mìíràn so kó tó já, ẹni tó wà nílẹ̀ á yí okùn yẹn mọ́ ìdí igi míì, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sápá òkè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ sí ẹnì kankan nísàlẹ̀, títí kan ilé àwọn aládùúgbò yín, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde lọ́jọ́ náà.

Tí ìdí igi nìkan bá wá ṣẹ́ kù tí wọ́n sì fẹ́ bì í, wọ́n á kọ́kọ́ gé ẹnu sápá ibi tí wọ́n fẹ́ kó wó sí, ẹnu yẹn ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú igi lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á gé e láti ẹ̀yìn, àmọ́ wọn ò ní gé e já tán, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú ẹ̀, òun ló máa ń darí igi bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Igi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ léwu jù níbí yìí, torí tí wọ́n bá ń gé e láti ẹ̀yìn láì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó lè là gbuuru látìsàlẹ̀ sókè lójijì, kí èyí tó là yẹn sì gbá ẹni tó di ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi mú. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá wá fún yín ní iye owó, ẹ bi í pé: okùn mélòó lẹ ní, kí lẹ máa so wọ́n mọ́, ta ló máa wà lórí igi, ta ló máa kó igi kúrò? Ẹni tó bá dáhùn pé "ẹ fi ọkàn balẹ̀, Ọlọ́run wà," ẹ kí i, kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì. Kẹ́ ẹ má sì san gbogbo owó tán kí ègé igi tó kúrò lórí òkè, torí gẹdú tí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ máa yí wálẹ̀ lọ́jọ́ tójò bá gbá ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ lọ.

Ó wá ku máńgòrò. Ọ̀nà méjì ló wà, ọwọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa wò lẹ́yìn igi yẹn ni ìdáhùn wà. Tí ilẹ̀ ò bá là, tí ìdí ẹ̀ ò dún bí ìlù, tí ibi tí katapílà gé sì jìnnà díẹ̀, ẹ lè dín ẹrù orí ẹ̀ kù. Mo ní ẹ dín in kù o, mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ́ ẹ lórí. Igi tí wọ́n bá bẹ́ lórí máa ń rú ẹ̀ka tuntun yọ́ọ́yọ́ọ́, àwọn ẹ̀ka yẹn ò fìdí múlẹ̀ nínú igi, lára èèpo lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́, ojú ibi tí wọ́n bẹ́ á sì jẹrà wọnú, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ igi á wá léwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ka tó gùn sápá ilé ni kí wọ́n dín kù, tí kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé ẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ẹ̀ka tó bá nípọn, wọ́n á kọ́kọ́ gé e díẹ̀ láti abẹ́, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi, wọ́n á wá gé e láti òkè níwájú ibẹ̀ díẹ̀ títí á fi já, kó má baà bó èèpo igi lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé èyí tó kù létí ibi tó wú díẹ̀ lára igi, láì fọwọ́ kan ibi tó wú yẹn torí ibẹ̀ ni igi ti ń di ojú ọgbẹ́ ara ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní ọ́ìlì dúdú tàbí kun ún ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti là, tàbí tí katapílà gé dé ìdí ẹ̀, kí wọ́n gé e ní wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí wọ́n fi kùkùté sílẹ̀ tó orúnkún èèyàn. Etí ilẹ̀ tẹ́ẹ gbẹ́ yẹn máa nílò ògiri tó máa gbé e dúró lọ́nà yòówù, ògiri tó ní ihò tí omi á máa gbà jáde, bíbẹ́ẹ̀kọ́ omi á tì í ṣubú. Bó ṣe máa nípọn tó àti bí irin ẹ̀ ṣe máa rí, iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, emi ò ní dá a lábàá fún yín. Kẹ́ ẹ ṣáà sọ fún un pé igi ṣì wà lókè kó má baà tún gé gbòǹgbò tó kù. Ẹ má sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ibẹ̀ bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe, gbòǹgbò ẹ̀ ò wọlẹ̀, ó sì máa ń wúwo. Koríko vetiver ló dáa, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lọ tààrà, kẹ́ ẹ gbìn ín ní ìlà ìlà ní ìbú òkè nígbà tójò bá bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tẹ́ẹ fi ránṣẹ́ ò fi ilẹ̀ ẹ̀yìn igi hàn mí, torí náà mi ò lè bá yín yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì láti ibi tí mo jókòó sí.

Dóńgóyárò iwájú ilé, ẹ má fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gun un, pàápàá ẹni tó bá ní NÉPÀ ti mú iná lọ. Iná lè dé lójijì, jẹnẹrétọ̀ ilé kan tí wọ́n so mọ́ wáyà láìbójúmu sì lè rán iná padà sórí wáyà tẹ́ ẹ rò pé ó ti kú. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, èyí tó sún mọ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n wá pa iná náà kí wọ́n tó gé ẹ̀ka kankan. Wọ́n lè pẹ́ o, ẹ máa tẹ̀lé e.

Ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú wọn gòkè lọ fi ojú ara wọn wo ibi tí ilẹ̀ là, tó bá là. Tó bá jẹ́ gígé ló gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́ igi eléso pé kí wọ́n wá gé ẹ̀ka tuntun tó wà láàyè lára ẹ̀ kí igi tó wálẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́ ọmọ máńgòrò kékeré kó lẹ̀ mọ́ ọn, igi tó bá tibẹ̀ jáde á máa so irú èso tí ti bàbá ń so gan-an, kóro lásán ò lè fi ìyẹn dáni lójú. Iwájú ilé níbi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, kó jìnnà sí ògiri tó mítà mẹ́wàá, kó sì jìnnà sí wáyà iná pẹ̀lú.